Àjàlá Wo Ni Ẹ Fẹ́ Kọ Sẹ́yìn Bọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwó Road ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì. Òní Abùjá, ọ̀la Àkúrẹ́, ọ̀tunla Ìlọrin. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní páàkì ti ń pè mí ní Àjàlá, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ mọ orúkọ mi gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀sì tuntun kan, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń san owó rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n kọ Àjàlá gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ìyàwó mi ní n ò gbọdọ̀ dán an wò. Wọ́n ní onígbèsè ni Àjàlá, pé òun ló ń mọ orí burúkú fún èèyàn lọ́run. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, Àjàlá kan ṣoṣo ló wà, ẹni tí Ebenezer Obey kọ lórin. Àbúrò mi ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, pé orin lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni Àjàlá? Ṣé kí n kọ ọ́ àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà. Olúwa á máa ṣọ́ wa lójú pópó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni ẹ fọwọ́ bà yìí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ìbàdàn, ìgbàkigbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sì ká mi mọ́ Gate tàbí Dùgbẹ̀, ìwé kékeré kan wà lápò mi tí mo ń kọ ohun tí mo bá rí lẹ́yìn mọ́tò sí. Àjàlá pọ̀ níbẹ̀ débi pé mo ṣíwọ́ kíkọ ọ́. Àmọ́ ẹnì kankan ò bi mí rí pé ta ni.

Nínú àwọn mẹ́ta tó ń bá yín sọ ọ́, ẹni méjì ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bàbá ìyàwó yín mọ Àjàlá kan, ọ̀rẹ́ yín mọ òmíràn, wọn ò kàn mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lẹni tí oníkálukú ń wí ni. Àbúrò yín nìkan ló ṣì í. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹni tí wọ́n fi yín wé bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Mọ́ṣúùdù Ọlábísí Àjàlá lorúkọ rẹ̀. Ẹ fetí sí i dáadáa: Àjàlá kì í ṣe ìnagijẹ lọ́rùn ọkùnrin yìí, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni. Kì í ṣe torí pé ó ń rìn kiri ni wọ́n ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti ń jẹ́ ẹ kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé.

Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago, ó di Los Angeles, máìlì 2,280. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo wí, èyí tí èèyàn ń fi itan ara rẹ̀ wà. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ọ̀nà jíjìn ń ṣe fún eegun ẹ̀yìn, torí náà ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ẹ bá ti Ìwó Road lọ sí Abùjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹ sì padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibi tí ọmọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ yí dé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún mọ́ yẹn. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà, agbádá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ ni. Àwọn èèyàn tó bá pàdé níbẹ̀ rò pé ìhòòhò là ń rìn nílẹ̀ Áfíríkà, ó sì fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé a ní aṣọ, a sì mọ̀ ọ́n wọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí agbádá yẹn ni orí mi ń wú. Ẹni tó bá ti fi agbádá gun kẹ̀kẹ́ rí, kódà láti Bẹẹrẹ dé Mápó péré, á mọ̀ pé ọmọ yìí fara ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá gun alùpùpù kékeré tí wọ́n ń pè ní Vespa, tó fi ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ó dé Íńdíà, ó rí Nehru. Ó dé Íjíbítì, ó rí Nasser. Ó dé Rọ́ṣíà, ó rí Khrushchev. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní 1963, ó pè é ní An African Abroad. Èkó ló kú sí ní 1999.

Ẹ bi ara yín wò, èèyàn mélòó lẹ mọ̀ tó ti ka ìwé yẹn? Kì í ṣe ìwé ló gbé Àjàlá dé páàkì yín. Olóyè Ebenezer Obey ló gbé e dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí jùjú gba ìgboro kan, tí kò sí òde ìnáwó tí wọn kì í ti í lu rẹ́kọ́ọ̀dù Obey, ó kọrin pé Àjàlá ti rin gbogbo ayé já. Gbólóhùn kan péré ni. Iṣẹ́ olórin ni kó pe orúkọ èèyàn kó sì fi ohun tó mọ̀ ọ́n fún kún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo àwọn gbajúmọ̀ ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ wọ̀nyẹn, a ò rántí wọn mọ́. Àjàlá nìkan ni orúkọ rẹ̀ já bọ́ lára ẹni tó ni ín, tó wá di ti gbogbo ayé. Ọmọdé tó bá ń sá láti ojúlé dé ojúlé, ìyá rẹ̀ á ní, “Àjàlá, o ti dé?” Akọ̀wé tí wọ́n ń gbé láti Ìbàdàn lọ sí Kàdúná, láti Kàdúná lọ sí Pọtá, Àjàlá ni. Ẹ̀yin náà, Àjàlá.

Ìdí nìyẹn tí àbúrò yín fi rò pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orin bá gbé, bó bá pẹ́ títí, á dà bí ẹni inú àlọ́. Wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀, wọn ò ní bèèrè ilé rẹ̀ mọ́.

Ó wá kan Àjàlá tí bàbá ìyàwó yín mọ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí pẹ́ díẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún yín ò pé.

Inú Ifá ni Àjàlá yẹn wà, Àjàlá Alámọ̀, amọ̀kòkò ọ̀run tó ń mọ orí. Kálukú tó bá ń bọ̀ wá sáyé gbọ́dọ̀ ya ilé rẹ̀ kó lọ yan orí. Nínú Ògúndá Méjì ni ìtàn tí àwọn bàbá wa máa ń sọ nípa rẹ̀ wà. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń bọ̀ wá sáyé: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n má yà síbì kankan. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ń lọ tààrà. Afùwàpẹ́ ní òun fẹ́ rí bàbá òun ná. Bàbá rẹ̀ dífá fún un, wọ́n rúbọ, wọ́n sì di iyọ̀ àti owó lé e lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà ló ti bá oníbodè kan tó ń se ọbẹ̀. Eérú ni ọkùnrin yìí ń dà sọ́bẹ̀. Ẹ wò ó: ìkòkò ń hó, ó bu eérú lẹ́kúnwọ́, ó dà á sí i, ó ń rò ó. Afùwàpẹ́ bu iyọ̀ díẹ̀, ó ní kó fi èyí sí i, kó tọ́ ọ wò. Oníbodè tọ́ ọ wò. Láti ọjọ́ tó ti ń sebẹ̀, kò tọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ wò rí. Iyọ̀ yẹn ló mú kó la àṣírí ilé Àjàlá fún Afùwàpẹ́: pé onígbèsè ni, pé bí olówó bá ti dé, àjà ló máa ń gùn lọ sá pamọ́ sí.

Òun àti oníbodè dé ilé Àjàlá, wọ́n bá olówó tó jókòó pa sílẹ̀ dè é. Afùwàpẹ́ kó owó jáde, ó san án. Ẹni tó ni gbèsè ò mọ̀, òkè àjà ló wà. Ìgbà tí olówó lọ tán ni Àjàlá tó sọ̀ kalẹ̀ wá, tó gbọ́ pé ẹnì kan ti bá òun san án. Ó ní kí lọmọ náà fẹ́. Afùwàpẹ́ ní orí lòun wá yàn. Àjàlá mú ọ̀pá irin rẹ̀, ó ń kàn án mọ́ àwọn orí tó tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé orí èyí tó ró gooro, ó ní kó gbé e.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wá ṣáájú. Wọn ò bá Àjàlá nílẹ̀, wọ́n wo àwọn orí náà, èyí tó dán, tó tóbi, tó wu ojú ni wọ́n gbé. Wọn ò mọ̀ pé iná ò tíì jó o jinná. Òjò ká wọn mọ́nà láàárín ọ̀run òun ayé, ó ń pa orí amọ̀ náà, ó ń fọ́n, ó ń yòrò. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé, àtifi dí ibi tí òjò jẹ lára orí ni. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀, òjò pa á títí kò mú un.

Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ lọ ra ìkòkò rí mọ̀ pé ìtàn yìí ò jìnnà sílé. Ìyá mi kì í fi ojú ra ìkòkò. Ní Ọjà Ọba, wọ́n á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n á fi oríkèé ìka ọ̀tún kàn án, wọ́n á sì gbé e súnmọ́ etí. Bó bá dún bọ̀ọ̀, wọ́n á dá a padà fún oníkòkò láìsọ nǹkan kan. Bó bá ró gooro, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń ná an. Ohun tí Àjàlá fi ọ̀pá irin ṣe nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, ó ti dúró sídìí amọ̀kòkò rí dáadáa. Mo sì máa ń rò ó pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé Àjàlá gun àjà ni, kí àjà lè wà nínú ilé kó sì tún wà nínú orúkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, onígbèsè ni Àjàlá yìí, bàbá ìyàwó yín ò purọ́. Àmọ́ kì í ṣe orí burúkú nìkan ló ń mọ. Òun ló mọ ti Afùwàpẹ́. Rere àti búburú jọ wà nílé amọ̀kòkò kan náà, ẹni tó bá wá yan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí àwọn àgbà ń wí nìyẹn tí wọ́n bá ní ibì kan náà la ti gbé yanrí, kádàrá ò papọ̀ ni. Bákan náà, kò síbi tí ìtàn yẹn ti ní gbèsè Àjàlá ran ẹni tó wá sílé rẹ̀. Ẹni tó bá a san án ló jèrè jù.

Wọ́n mú Àjàlá yìí sọdá òkun pàápàá. Ní Bùràsíìlì, àwọn ọmọ òrìṣà ṣì ń dárúkọ rẹ̀ pé òun ni alámọ̀ orí. Arìnrìn-àjò lòun náà, bí ẹ bá rò ó.

Àjàlá kẹta ò ní ìtàn púpọ̀, inú òwe ló ń gbé. “Àjàlá, ta ní nà ọ́? Ẹ̀yin náà kọ́ un.” Ẹni tó na ọmọ ló tún ń bi í pé ta ló nà án. Ìyá ìyá mi máa ń pa á bí ẹnì kan bá da ilé rú tán tó wá ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbí. Ọmọ wo ni Àjàlá yẹn, ọmọ ta ni, òwe ò sọ. Ó kàn nílò orúkọ ọmọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Ìyẹn gan-an sì fi hàn yín pé orúkọ náà ti wà nígboro tipẹ́tipẹ́ kí kẹ̀kẹ́ Chicago tó yí.

Ẹ ó máa bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàní, Àjàgbé, Àjàmú, ẹ ó rí i pé bàbá kan náà ló bí wọn: “jà” wà nínú gbogbo wọn, ẹni tí wọ́n jà kí wọ́n tó rí, bí oríkì ọmọkùnrin ṣe máa ń rí. Àwọn kan máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n jà títí tó fi là. Mi ò gbà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “là” tí èèyàn là já. Òkè ni ohùn tó kẹ́yìn Àjàlá wà. A kì í tìtorí ìtumọ̀ tó dùn ká yí ohùn padà. Ohun tó dá mi lójú ni pé kò sí ìrìn-àjò nínú orúkọ náà rárá. Ọlábísí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀.

Bí ìnagijẹ ṣe ń ṣe nìyẹn. Orúkọ àbísọ, àwọn òbí ló ń sọ ọ́, pẹ̀lú omi àti oyin àti àdúrà. Oríkì, ìyá tàbí ìyá àgbà ló máa ń fi í ké ọmọ. Àlàjẹ́ ò ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹni tó bá fojú rí yín ló ń fún yín, ẹ ò sì lè dá a padà. Ẹ wo àwọn ìyàwó ilé. Wọn kì í pe ọmọ tí wọ́n bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà bó ṣe ọmọ ọdún méjì. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sọ ọ́ ní Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé. Akọ̀wé míì nínú wọn ò kàwé rí o, ó kàn fẹ́ràn kó máa ki kálàmù sápò ni. Ọgọ́ta ọdún á kọjá, wọ́n á sin ín, Akọ̀wé ni wọ́n á fi sunkún rẹ̀.

Ìbàdàn ńkọ́? Ìlú tó mọ̀ ọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ni. Adégòkè Adélabú dìde nílé ìgbìmọ̀, ó sọ gẹ̀ẹ́sì pé peculiar mess. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò ráyè gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e sẹ́nu, ó di Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì fi sọ olúwarẹ̀ lórúkọ. Mọ́tò ló pa á ní 1958, àmọ́ bí rògbòdìyàn òṣèlú bá ṣẹlẹ̀ títí dòní, Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ èèyàn tún ti di orúkọ wàhálà.

Ó tún máa ń gba ọ̀nà òdì kejì wá, láti inú eré bọ́ sára èèyàn. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tó kú ní 2018, ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Bàbá Sàlá ni gbogbo wa mọ̀. Ẹni inú eré ni Bàbá Sàlá, onígíláàsì ràgàjì, tó so aago gìrìwò mọ́rùn. Eré náà wọ ọkùnrin yẹn lára títí kò bọ́ mọ́. Ní ti Àjàlá, èèyàn gidi ló ti wọ inú orin lọ tí àbúrò yín fi lè rò pé irọ́ ni, ẹni inú ìtàn sì wà níbẹ̀ tí àna yín ń bẹ̀rù bí ẹni ń bẹ̀rù aládùúgbò. Mi ò rí orúkọ ọkùnrin míì nínú ìwé mi tó ṣe méjèèjì pọ̀ báyìí.

Ó wá ku ti bọ́ọ̀sì. Ẹ má lọ bá bàbá ìyàwó yín jiyàn, ẹ má sì sọ pé tísà kan ló ní wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ mú obì dání lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ò bá lọ ìrìn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn Afùwàpẹ́ fún yín. Ẹni tó mọ̀ pé Àjàlá jẹ gbèsè á mọ èyí tó kù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn dé ibi tí wọ́n ti san owó náà. Ohun tó ń já wọn láyà yé mi: ọkọ ọmọ wọn ń san owó mọ́tò lọ́wọ́, ó wá fẹ́ kọ orúkọ onígbèsè sẹ́yìn rẹ̀. Ìfẹ́ ni. Bí mo bá jẹ́ yín, màá ṣèlérí fún wọn pé ọjọ́ tí mo bá san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn ni màá tó kọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n san gbèsè tán náà ni Àjàlá tọ̀hún sọ̀ kalẹ̀ láti àjà. Mi ò rò pé wọ́n á kọ̀ fún yín.

Bí ọjọ́ náà bá wá pé, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹni tó bá máa kọ ọ́ á fẹ́ kọ ọ́ lásán, á ní àmì ò bá ọ̀dà mu, pé gbogbo èèyàn ló máa mọ̀ ọ́n kà. Ẹ má gbà fún un. Ẹ dúró tì í títí ó fi fi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lórí: dò, dò, mí.